Oúnjẹ Àárọ̀ Wà Nínú Owó Yàrá, Ti Alẹ́ Kò Sí Níbẹ̀

Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ìlú kan dáadáa, kó má sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, kó má sì sùn sí ilé mọ̀lẹ́bí. Mo mọ̀ pé apá kejì ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní gbogbo ìlú tí ẹ bá dé. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi ná.

Òtẹ́ẹ̀lì kò mọ ìlú tó wà nínú rẹ̀. Yàrá tí wọ́n bá fún ọ ní Lọ́kọ́ja, wàá rí irú rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Ìlọrin: ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn, aṣọ fèrèsé tó dúdú, àti ọmọkùnrin kan níwájú tó jẹ́ pé bí o bá bi í léèrè ọ̀nà ọjà, á ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ilé mọ̀lẹ́bí ní tirẹ̀ mọ ìlú, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Kí o tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ti ka orúkọ gbogbo ẹni tí o gbọ́dọ̀ lọ kí fún ọ. O kò lè sọ pé iyán ọ̀sán kò wù ọ́. O kò lè tilẹ̀kùn mọ́rí kí o sùn. Bí o bá sì ní o fẹ́ lọ wo àpáta tàbí kí o lọ jókòó ti ahunṣọ, ẹnìkan á ní, “Kí lo ń wá lọ síbẹ̀? Àwa ò tó ọ wò ni?”

Ìkẹta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ilé ẹni tó ń gbé ìlú náà gan-an, tó ya yàrá kan tàbí méjì sọ́tọ̀ fún àlejò tí ń sanwó, tó sì ń fún un lóúnjẹ àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní àwọn abúlé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ń lọ́ra sí i, torí ibi tí wọ́n tọ́ wa sí, àlejò kì í sanwó oúnjẹ, ẹni tó bá sì gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò, ìròyìn rẹ̀ á dé ìlú kejì. Ọ̀dọ̀ màmá kan ní Ògìdì, ní Ìjùmú, níhà ìwọ̀ oòrùn Kogí, ni mo ti rí bí a ṣe lè ṣe é tí ojú ẹnikẹ́ni kò fi ní tì.

Aláró ni mí ní Òṣogbo. Níbẹ̀, kò sí aláró tí kò mọ orúkọ Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì tí wọ́n bí ní 1951, tó ní ilé iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, ní Èkó àti ní Àbújá, tó sì tún kọ́ ọ̀kan sí ìlú rẹ̀. Àwa tí a ń pa àdìrẹ láró sábà máa ń ra aṣọ ilé iṣẹ́, aṣọ funfun tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ti ń jà lọ́kàn mi pé kí n gbìyànjú aró lórí aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun, èyí tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Okun, àwọn Yorùbá Kogí, ń hun lórí òfì òòró. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Mo gba Adó, Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ọ̀mùò, o ti fi Èkìtì sílẹ̀, “Okun o”, ìkíni wọn, lo sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wọ mọ́tò. Bàbá kan tó bá wa wọkọ̀ ní Ìyàmoyè ń bínú sí ìjọba, Ìlọrin ló sì ń dárúkọ ṣáá, bí ẹni pé gómìnà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀; kó tó dìgbà náà, Kwara ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú àwọn àgbà.

Ẹni tí mo fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló júwe ilé màmá fún mi. Ó ní òun ìbá gbà mí sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ń sìnkú ní agbo ilé òun lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹní pàápàá ti tán nílẹ̀.

Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára, páànù rẹ̀ ti pọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ màmá ló kọ́ ọ. Ọkọ ti di olóògbé, àwọn ọmọ wà ní Àbújá àti Kánádà, yàrá wọn ló di yàrá àlejò. Lára ilẹ̀kùn tèmi, ẹnìkan ti fi ẹfun kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ nígbà èwe, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìkànkùn. Wọn kò nù ún kúrò.

Mi ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí màmá fi sọ iye owó. Orí ìdúró ló ti sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

“Okun, ọmọ mi. Yàrá, omi gbígbóná láàárọ̀, oúnjẹ àárọ̀, iye tí mò ń gbà nìyí. Lọ́sàn-án o ò ní bá mi nílé, mo wà lóko. Mi ò ta oúnjẹ alẹ́. Tí mo bá sè, tí o bá wà níbí, wàá jẹ.”

Mo ní, “Màmá, èló wá ni ti alẹ́?”

Ó wò mí. “Mo ní mi ò tà á.”

Owó tó pè kò tó ìdajì ohun tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà ní Lọ́kọ́ja. Ó gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kà á lójú mi, ó sì mú ìwé kan jáde, ó kọ orúkọ mi, ìlú mi, àti nọ́ńbà ẹni tí òun lè pè bí àìsàn bá kọlù mí lóru. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Yàgbà, ló ti kọ́ṣẹ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìdúró yẹn títí láti ìgbà náà. Mo ti sùn rí nílé kan, níbòmíràn tí n kò ní dárúkọ, tó jẹ́ pé nígbà tí mo béèrè owó, wọ́n ní, “Ẹ̀yin náà kúkú ti mọ̀.” Èmi kò mọ nǹkan kan. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, bí wọ́n bá gbé omi wá, màá máa ṣírò. Bí wọ́n bá fi ẹran kún ọbẹ̀, màá máa ṣírò. Nígbà tí mo sì fún wọn lówó, ojú ìyá ilé fà ro díẹ̀, ó ní kò burú, Ọlọ́run á pèsè. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá owó náà kéré ni tàbí fífún un lówó gan-an ló dùn ún. Màmá Ògìdì kò jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí mo fi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo ti mọ ohun tí mo rà, mo sì ti mọ ohun tí màá máa dúpẹ́ fún.

Ibùsùn náà ga, fóòmù rẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun ni, wọ́n fà á dáadáa, wọ́n sì ká igun rẹ̀ mọ́ abẹ́ fóòmù lọ́nà tí ó fi ṣòro kí ẹsẹ̀ èèyàn tó ráyè wọlé. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Néẹ̀tì ẹ̀fọn wà, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Mo wá a. Sólà kékeré kan ló ń tan gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí NEPA bá ṣe tirẹ̀, èèyàn sì lè fi gba iná sí fóònù títí di agogo mẹ́wàá alẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níta, ó mọ́, tọ́ọ̀ṣì rọ̀ mọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ lọ lóru. Ewúrẹ́ ilé kejì ló máa ń jí mi. N kò rí ẹ̀sùn kankan tí mo lè fi kan ewúrẹ́.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá rò pé òun mọ ọyẹ́ torí pé ó ti rí i ní Òṣogbo, kó dé ìlú tí àpáta yí ká láago mẹ́fà àárọ̀. Ọmọ-ọmọ màmá, ọmọdékùnrin tó ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń gbé garawa omi gbígbóná wá, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pariwo pé, “Àǹtí Òṣogbo, omi yín ń tutù o!” Kò ní kúrò títí màá fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ yìí, torí òun ni wọ́n fi ń mọ ilé àlejò tó dára. Òtẹ́ẹ̀lì á gbé búrẹ́dì àti ẹyin fún ọ, ẹyin náà á ti tutù. Mọ̀lẹ́bí á gún iyán fún ọ láago méje àárọ̀ kí o lè mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ, ìwọ náà á sì sùn lọ dọ̀sán. Àárín méjèèjì ni màmá wà. Ní ọjọ́ kan, dùńdú ni, pẹ̀lú ata tí wọ́n fi epo pupa dín tí àlùbọ́sà inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ìdí ìkòkò ata yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń fi dùńdú nù. Ní ọjọ́ mìíràn, àbàrí tí wọ́n fi ewé pọ́n ni, tí àgbàdo rẹ̀ ṣì ní adùn. Ní ọjọ́ Àìkú, ògì àti àkàrà, torí ó fẹ́ tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í béèrè ohun tí o fẹ́ jẹ. Ohun tó máa ń béèrè ní alẹ́ àná ni pé, “Kí ni o kì í jẹ?” Ìbéèrè yẹn kò gba àkókò, ó sì tó. Ẹni tó ní kí wọ́n yan èyí tó bá wù wọ́n ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ilé tí iná igi ti ń jó.

Lórí tábìlì, láàárọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n gbé agolo Nescafé àti páálí Lipton síwájú mi. Mo ń po kọfí náà lọ́wọ́ nígbà tí mo wo ìta láti ojú fèrèsé, tí mo rí àwọn èso kéékèèké kan tó ti gbẹ, tó dúdú, tí wọ́n sá sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Mo bi màmá pé irúgbìn wo nìyẹn.

“Kọfí ni.”

“Kọfí bí irú èyí tí mò ń mu yìí?”

“Irú èyí tí ò ń mu yẹn, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Tèmi ni mo sọ.”

Kọfí wà ní Ìjùmú àti agbègbè Kàbbà láti ọjọ́ pípẹ́, irú tí wọ́n ń pè ní robusta, tó korò tó sì le. Ọkọ màmá gbìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó. Nígbà náà, bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń ra irè oko bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n bá dá. Nígbà tí ìjọba fòpin sí àwọn bọ́ọ̀dù náà ní 1986, àgbẹ̀ ku òun nìkan àti ẹni tó bá gbé mọ́tò dé. Oníkòkó ṣì ń rí ẹni bá nájà. Ní ti kọfí, màmá ní ọdún mìíràn wà tí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ rárá, èso á pọ́n, á jábọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gé igi wọn. Òun kò gé tirẹ̀ nítorí ẹni tó gbìn ín. Ó ń ká a, ó ń sá a, ó ń gún un nínú odó kí èèpo lè kúrò, á sì yan án nínú ìkòkò irin fún ara rẹ̀.

Mo ní kí ló dé tó jẹ́ pé agolo ló ń gbé fún àlejò. Ó ní àwọn ará Àbújá ló ń béèrè fún un. Pé nígbà tí òun kọ́kọ́ gbé tilé fún ẹnìkan, ó ní ó ń rùn èéfín. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń mu tilé. Ó ń rùn èéfín lóòótọ́. Ó sì tún ní òórùn kan tí n kò lè fi wé nǹkan kan, tó ń wà lọ́nà ọ̀fun títí di ìgbà tí oòrùn bá mú. Bí mo bá lágbára lórí àwọn ilé àlejò orílẹ̀-èdè yìí, àṣẹ kan ṣoṣo ni màá pa: ohun tó bá ń hù lẹ́yìnkùlé yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún àlejò kí ẹ tó ṣí agolo.

Ṣùgbọ́n owó tí mo san kò ra ìlú fún mi. Màmá kò jẹ́ kí n jáde lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ títí ó fi rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú mi lọ kí baálé agbo ilé. Ó ní, “Wọn á rí ọ ní òpópónà, wọn á máa béèrè ẹni tí o jẹ́. Jẹ́ kí wọ́n ti mọ̀.” Mo kúnlẹ̀ kí bàbá, ó bi mí ní orúkọ bàbá mi àti iṣẹ́ mi, ó súre fún mi, ó parí. Kò gbà ju ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn fi ń mu omi lọ. Fún gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé kámẹ́rà wọ ìlú onílùú kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ o.

Ọmọ náà ló tún mú mi lọ sí ẹsẹ̀ àpáta. Àpáta yí Ògìdì ká. Àwọn kan ga tí wọ́n sì dán, wọ́n dúdú níbi tí omi òjò ti ń ṣàn gbà lójoojúmọ́ ayé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bida ń kó ilẹ̀ Okun lẹ́rú, tí wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú sá sí. Ní oṣù January 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti Lọ́kọ́ja, tí wọ́n lé Tápà kúrò ní Kàbbà kí wọ́n tó kọjá lọ bá Bida fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ìyá àgbà ìyá àgbà rẹ̀ gbé ìkòkò omi gun orí àpáta. Ó fi ọ̀nà náà hàn mí. Ó ga, ó sì yọ̀. Mo wò ó láti ìsàlẹ̀, ìyẹn sì tó mi.

Ọ̀dọ̀ ahunṣọ ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ mi. Òfì àwọn obìnrin yìí dúró lóòró, ó fara ti ògiri, ẹni tó ń hun ún jókòó síwájú rẹ̀, ó fi pátákó pẹlẹbẹ kan ń gbá òwú wálẹ̀, aṣọ sì ń ga bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Aṣọ òkè tí a mọ̀ ní Ìsẹ́yìn, tí àwọn ọkùnrin ń hun, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ní láti rán an pọ̀. Ti obìnrin yìí fẹ̀ dáadáa, méjì péré ti tó ìró. Ó fi aṣọ kan hàn mí tí kì í ṣe títà, aṣọ pupa láti Bùnú, irú aṣọ ìpò tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn olóyè. Mo nawọ́ sí i, ó sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo ra mẹ́rin nínú àwọn funfun lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ná an rárá, torí mo ti jókòó tì í, mo sì ti rí i bí àárọ̀ kan ṣe ń di ìwọ̀n ìka mẹ́ta aṣọ.

Lópin ọ̀sẹ̀, àlejò mìíràn dé fún òkú tí mo sọ yẹn: ọ̀gá kan àti ìyàwó rẹ̀ láti Àbújá. Ọ̀gá náà kò burú, ó kàn ti pẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó pàtẹ́wọ́ láti inú yàrá, ó ní kí wọ́n wá bá òun lọ agbádá aṣọ ẹbí. Màmá dìde, ó lọ bá a, ó ní, “Ìrọ́ọ̀nù eléèédú wà. Ọmọbìnrin tó wà lójúde yẹn á lọ̀ ọ́, iye tó ń gbà nìyí, òun ni kí o fún.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá. Nígbà tó yá, màmá bu iyán àti ọbẹ̀ ègúsí fún gbogbo wa, a jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá yìí sì gbádùn rẹ̀ débi pé ó fa owó yọ. Màmá ní rárá. Ó ní, “Mama, ẹ gbà á jọ̀ọ́, iṣẹ́ yín ni.” Màmá ní iṣẹ́ òun ti parí láàárọ̀. Ọ̀gá náà fi owó sábẹ́ àwo, ó lọ sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oúnjẹ rẹ̀ dé pẹ̀lú owó náà tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó wo owó, ó wo màmá, ó mú un. Ìyàwó rẹ̀ ló wá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wọ ilé ìdáná, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bá màmá fọ gbogbo ìkòkò alẹ́ ọjọ́ yẹn. Màmá kò sọ pé kó fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ó fi di òru, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti yàrá.

Àwọn nǹkan díẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìrìn àjò yìí lè fi sọ́kàn. Ẹ mú owó lọ́wọ́. Nẹ́tíwọ̀kì lè lọ fún odindi ọjọ́ kan, tiransífà á sì dúró sí agbedeméjì. Ọ̀sán ni kí ẹ fi rìn, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ ti wà nínú ilé, torí ọ̀nà agbègbè náà ti gbọ́ ìròyìn ajínigbé. Bí ẹ kò bá ní òkú sin, ẹ má lọ lópin ọ̀sẹ̀ oṣù December, ẹ kò ní ráyè. Ẹni tó bá fẹ́ ayẹyẹ ní tirẹ̀, ọdún iṣu tuntun Ògìdì ni kó wá lọ, kó sì tètè gba yàrá. Aṣọ òtútù o. Ìpara o. Ẹ má sì gbé ẹ̀bùn olówó ńlá dé ilé irú màmá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa da ìṣirò rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi dúró títí mo fi padà sílé, mo wá fi ìpèlé àdìrẹ kan ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀. Ó pè mí, ó ní ṣé mo rò pé òun kò ní aṣọ ni. Ó tún pè ní ọjọ́ kejì, ó ní ó bá òun mu.

Mo ti darí àwọn oníbàárà mi kan síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ó máa ń pè mí kí wọ́n tó dé láti béèrè ohun tí wọn kì í jẹ. Láìpẹ́ yìí, ó ní owó yàrá ti lọ sókè, torí gáàsì àti sìmẹ́ńtì ti lọ sókè, páànù sì ti ń jò. Mo ní, “Màmá, fún èmi náà?” Ó ní fún èmi náà, kí n sì mú àlùbọ́sà bọ̀ lọ́nà, ti ọjà Kàbbà ti wọ́n jù.